Wọ́n gbà mí fún MBA part-time ní Ifẹ̀, iṣẹ́ báǹkì ni mò ń ṣe ní Iléṣà: ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ ni, àbí kí n sún un síwájú?

Àyọ̀ká · Ọjọ́ Ajé, 9:14 alẹ́

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá sọ́dọ̀ yín. Báǹkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Iléṣà, ó ti lé ní ọdún mẹ́fà. Ìdí káńtà ni mo ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wá yáwó ni mo wà báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni lẹ́tà dé pé wọ́n gbà mí fún MBA part-time ní Ifẹ̀, ìyẹn dìgírì kejì nínú ìmọ̀ ìṣàkóso òwò. Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ àti ọjọ́ Sátidé ni kíláàsì. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Ẹ wo bí ọjọ́ mi ṣe ń lọ. Kí aago méje tó lù ni mo ti ń kúrò nílé. Aago mẹ́rin la máa ń tilẹ̀kùn fún oníbàárà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tíì tán nígbà náà. Bí owó ọwọ́ ẹnì kan kò bá bá ìwé mu, gbogbo wa la máa jókòó títí a ó fi rí i. Nígbà mìíràn, aago mẹ́jọ alẹ́ ni mo máa ń délé. Ọmọ méjì ló wà nílẹ̀, ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, èkejì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Òṣogbo ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, ó ń lọ, ó ń bọ̀ lójoojúmọ́. Òun gan-an ló ní kí n ra fọ́ọ̀mù.

Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ ni, àbí kí n bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sún un di ọdún tó ń bọ̀? Ẹ̀ẹ̀kejì, ṣé kí n sọ fún mánéjà mi? Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má sọ ọ́ síta rárá, pé wọ́n máa ní ọkàn mi ti kúrò lára iṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti gba ọ̀nà yìí kọjá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

BàbáÌbejì_Lágere · Ọjọ́ Ajé, 9:50 alẹ́

Ẹ kú oríire, ma. Ẹ bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yín kejì ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dáhùn, torí òun ló kàn mí jù.

Nígbà tí èmi ń ṣe tèmi, mi ò sọ fún ọ̀gá mi. Ilé-iṣẹ́ tó ń pín ohun mímu fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù ni mo wà, èmi ni mò ń bójú tó ọjà tó ń jáde. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń wá àwáwí. Lọ́sẹ̀ yìí, eyín ló ń dùn mí. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àna mi ló ń ṣòkú. Nígbà tó yá, mo ní ìyá mi ni ara wọn ò yá, pé èmi ni mò ń gbé wọn lọ sọ́sibítù ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Ọ̀gá mi ò bi mí ní nǹkan kan. Ọjọ́ kan ni wọ́n pe dẹ́rẹ́bà, wọ́n fún un ní ₦5,000 àti ọ̀rá ọsàn kan, wọ́n ní kó gbé e lọ fún ìyá mi nílé. Ìyá mi ń gúnyán lọ́wọ́ nígbà tí dẹ́rẹ́bà débẹ̀. Wọ́n gbé ọmọ odó sílẹ̀, wọ́n ní, "Ta ló sọ fún yín pé ara mi ò yá?"

Ọ̀gá mi ò lé mi. Wọ́n pè mí wọ ọ́fíìsì, wọ́n ní, "O ò bá ti sọ fún mi." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Títí di òní, bí mo bá rántí, ojú máa ń tì mí. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń jẹ́ kí n kúrò ní aago mẹ́ta ọjọ́ Jímọ̀, èmi náà á sì tètè dé láàárọ̀ Ọjọ́rú láti fi dí i. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń pa irọ́ lórí ohun tí mo lè sọ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ẹ sọ fún mánéjà yín, kí ẹ sì sọ ọ́ kí ẹ tó sanwó iléèwé.

ỌmọÒṣómàáló · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:05 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n Lágere, mo gbọ́ tiyín, ṣùgbọ́n ọ̀gá ò jọra. Èmi sọ fún tèmi. Kò pé oṣù méjì tí wọ́n fi gbé mi láti Iléṣà lọ sí Lọ́kọ́já. Mi ò ní sọ pé torí ìwé ni, torí wọ́n ti ń gbé èèyàn kiri níbi iṣẹ́ wa tẹ́lẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mi ò lè máa ti Lọ́kọ́já wá sí kíláàsì Ifẹ̀. Kọ́ọ̀sì mẹ́rin àti iṣẹ́ ìwádìí ló kù mí kù, ibẹ̀ ló sì dúró sí.

Anti Àyọ̀ká, kí ẹ tó wọlé tọ mánéjà, ẹ kọ́kọ́ fọgbọ́n wádìí bí wọ́n ṣe ṣe fún ẹlòmíràn tó kàwé níbẹ̀. Ẹ má sì fi ọkàn sí ọdún méjì géérégé. Àwa tí a wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ nígbà tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2022, ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ni wọ́n tó dáwọ́ rẹ̀ dúró. Oṣù mẹ́jọ. Ẹni tó ti ṣètò líìfù rẹ̀ sí ìgbà ìdánwò, líìfù tán, kò rí ìdánwò ṣe.

Lójú tèmi, ọmọ ọdún mẹ́rin ṣì kéré. Ẹ sún un síwájú ní ọdún kan. Ìfẹ́ ni mo fi sọ ọ́.

Nọ́ọ̀sìÒru · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:31 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ gbogbo ilé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ òru ni. Nọ́ọ̀sì ni mí, MBA lèmi náà sì ṣe, torí mo rí i pé kò sí bí èèyàn ṣe fẹ́ darí wọ́ọ̀dù kó má mọ bí owó ṣe ń wọlé tó ń jáde.

Wàhálà tèmi kì í ṣe àkókò, oorun ni. Àkókò, èèyàn lè ṣà á jọ: ogún ìṣẹ́jú nínú mọ́tò, wákàtí kan kí ilé tó jí. Ṣùgbọ́n ẹni tí oorun ń kùn lè jókòó ti ìwé fún wákàtí mẹ́ta kí ohunkóhun má wọ orí rẹ̀. Ní Sátidé kan, mo ti iṣẹ́ òru jáde ní Iléṣà, mo wọ mọ́tò mi, mo forí lé Ifẹ̀. Ẹ mọ ọ̀nà yẹn, bíi kìlómítà 30 ni. Mi ò rántí ìgbà tí mo wọ Òṣú, mi ò sì rántí ìgbà tí mo jáde níbẹ̀. Ìró òkúta wẹ́wẹ́ lábẹ́ táyà ló jí mi. Mo ti kúrò lórí ọ̀dà. Mo dúró, mo gbórí lé sítíárì, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Obìnrin kan tó ń sun ọ̀gẹ̀dẹ̀ létí títì ló wá kan fèrèsé, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé kò sí o?" Inú mọ́tò yẹn ni mo sùn sí títí di aago mọ́kànlá. Nígbà tí mo jí, ó ti gbé ìjókòó rẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò mi, ó ń fẹ́ iná ọ̀gẹ̀dẹ̀ níbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, mi ò wa mọ́tò lẹ́yìn iṣẹ́ òru mọ́. Mo máa ń wọ ọkọ̀ èrò. Mo tún bá ẹnì kejì mi níbi iṣẹ́ pa ṣíìfù dà: èmi ń ṣiṣẹ́ fún un lọ́dún Iléyá, òun ń ṣe òru Jímọ̀ fún mi nígbà ìdánwò. Anti, ẹ má ka ìwé lẹ́yìn tí ẹ bá ti báǹkì dé ní aago mẹ́jọ. Ẹ jẹun, ẹ bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀, ẹ sùn. Ẹ jí ní aago mẹ́rin ìdájí. Wákàtí kan ààbọ̀ ìdájí ju wákàtí mẹ́ta alẹ́ lọ.

Akọ̀wéParakin · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:20 ọ̀sán

Ọ́fíìsì iléèwé gíga ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń rí lórí tábìlì mi.

Bí ẹ bá fẹ́ sún un síwájú, ẹ kọ lẹ́tà, ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n buwọ́ lù, ẹ fi pamọ́. Àwọn èèyàn máa ń dákẹ́ ni, wọ́n á ní àwọn á padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, nígbà tí wọ́n bá padà dé, àyè ti bọ́. Bí ẹ bá sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ má forúkọ gbogbo kọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní sáà kìíní. Ẹ bi wọ́n iye tó kéré jù tí ẹ lè mú, kí ẹ mú un bẹ́ẹ̀. Ohun tí part-time wà fún nìyẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń já kulẹ̀, àwọn tó fẹ́ bá àwọn tí kò níṣẹ́ sáré pọ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ tún bèèrè iye ìgbà tí ẹ lè pa kíláàsì jẹ. Ibi púpọ̀ ló jẹ́ pé bí ẹ ò bá wá tó ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún, wọn ò ní jẹ́ kí ẹ jókòó ṣèdánwò.

Ẹni tó ní kí ẹ fi í pamọ́ fún mánéjà, ẹ bá mi sọ fún un pé tòṣìṣẹ́ ni ẹ̀kọ́ yìí. Ọdún 1908 ni Harvard bẹ̀rẹ̀ MBA ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó di 1943, Yunifásítì Chicago dá irú tirẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n má bàa fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó kàwé. Kì í ṣe ohun tí èèyàn ń jí ṣe.

Àyọ̀ká · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:40 alẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. Nọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ Òṣú yẹn mú omi wá sójú mi. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́.

Ohun kan wà tí mi ò kọ́kọ́ sọ. Ìmọ̀ Ìtàn ni mo kà ní yunifásítì. Owó ni mò ń kà lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ló ń bá mi ṣe ìṣirò. Mo rí i nínú ìwé kọ́ọ̀sì pé ìṣirò owó wà níbẹ̀, ìṣirò ìpinnu wà, ètò ọrọ̀ ajé wà. Àyà mi já. Ó ti tó ọdún mẹ́tàlá tí mo ti fi bíírò yanjú ìṣirò kẹ́yìn.

TíṣàÌṣirò_Òṣú · Ọjọ́rú, 5:48 àárọ̀

Àbúrò mi, ẹ jẹ́ kí n gba ẹ̀rù yẹn lọ́wọ́ yín láàárọ̀ yìí. Ìṣirò tó wà níbẹ̀ kò le tó orúkọ tí wọ́n fún un.

Ẹ mú obìnrin tó ń ta búrẹ́dì. Ó ń rà á ní ₦1,200, ó ń tà á ní ₦1,500. ₦300 ló ń kù lórí búrẹ́dì kan. Owó ṣọ́ọ̀bù, epo jẹnẹrétọ̀ àti owó ọmọ tó ń bá a tajà jẹ́ ₦60,000 lóṣù, bó tà bí kò tà. Búrẹ́dì mélòó ló gbọ́dọ̀ tà kó tó bọ́ lọ́wọ́ gbèsè? Ẹ fi 300 pín 60,000. 200 ni. Orí igba búrẹ́dì kọ́ ni èrè ti bẹ̀rẹ̀, orí ọ̀kànlénígba ni. Orí gígùn kan nínú ìwé nìyẹn, ẹ sì ti ṣe é tán.

Òmíràn rèé, tó kan iṣẹ́ yín gan-an. Ẹnì kan ní òun á fún yín ní ₦100,000 lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí owó bá wà lọ́wọ́ yín lónìí, ẹ lè fi ṣòwò kó mú èrè 20 wá lórí 100 láàárín ọdún kan. Nítorí náà, ₦100,000 ọdún tó ń bọ̀ kò tó ₦100,000 lónìí. Èló ni? Ẹ fi 1.2 pín 100,000, ẹ ó rí 83,333. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá fún yín ní ₦83,333 lónìí àti ẹni tó ṣèlérí ₦100,000 fún ọdún tó ń bọ̀, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú oníṣòwò. Àwọn tó ń wá yáwó lọ́dọ̀ yín, ohun tí báǹkì ń wò lára wọn nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló ń ṣe é.

Ẹ bá mi ṣe èyí: bó bá jẹ́ ọdún méjì ni ₦100,000 yẹn á tó dé, èló ni lónìí? Ẹ má lo kọ̀ǹpútà. Ẹ fi bíírò ṣe é lórí bébà, kí ẹ wá sọ ọ́ fún mi.

ỌmọÒṣómàáló · Ọjọ́rú, 7:15 àárọ̀

Tíṣà, ẹ rán mi létí ohun kan. Kí wọ́n tó gbé mi lọ sí Lọ́kọ́já, wọ́n ní ká kọ nípa bí oníṣòwò ṣe ń tajà láwìn tí kò ní jẹ gbèsè. Gbogbo kíláàsì ń kọ nípa báǹkì. Èmi kọ nípa bàbá bàbá mi. Òṣómàáló ni wọ́n, Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé aṣọ kiri ìlú olókè, tó ń tà á láwìn, tó máa ń padà lọ lóṣó dè owó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà onígbèsè. Mo kọ bí wọ́n ṣe máa ń bi aládùúgbò léèrè nípa oníbàárà kí wọ́n tó fún un láṣọ, bí wọ́n ṣe ń pín owó sí ìgbà ìkórè kòkó kí ọwọ́ onígbèsè lè dẹ̀. Olùkọ́ wa ka iṣẹ́ náà sókè. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe níbẹ̀, òun ni mo ṣì ń rántí. Ìmọ̀ Ìtàn tí ẹ kà, Anti, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Á wúlò fún yín ju bí ẹ ṣe rò lọ.

ÌyáOlùkọ́ · Ọjọ́rú, 4:02 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìjíròrò. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ìgbà ọlidé gígùn ni mo fi gba dìgírì mi, nínú ètò sandwich tó wà fún àwa olùkọ́. Ọmọ mẹ́ta ni mo ní nígbà náà, àbíkẹ́yìn wọn ṣì ń mu ọmú.

Àyọ̀ká ọmọ mi, ẹni ọdún mẹ́jọ kì í ṣe ẹni tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀. Pè é jókòó. Sọ fún un pé ìwọ náà fẹ́ máa lọ sí iléèwé. Nígbà tèmi, mo ya ọjọ́ inú oṣù sára ògiri ilé ìdáná, àkọ́bí mi ló máa ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà lórí ọjọ́ tó bá kọjá. Ọjọ́ tí mo bá fẹ́ jókòó ṣeré níbi tó yẹ kí n ti máa kàwé, òun ló máa ń gbé ìwé wá fún mi.

Ohun kan gbọ́dọ̀ kúrò nínú ẹrù kí tuntun tó wọlé. Sátidé, ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe nílẹ̀ wa: òkú ni, ìgbéyàwó ni, ìkómọ ni. Fi owó aṣọ ẹbí ránṣẹ́, má dé ibẹ̀. Wọ́n á bínú lọ́dún kìíní. Lọ́dún kejì, wọ́n á ti máa sọ pé iléèwé lo wà.

Yunifásítì Ifẹ̀ yẹn, láti ọdún 1987 ló ti ń jẹ́ orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ẹ mọ bí Baba ṣe gba dìgírì ìmọ̀ ìṣòwò tiwọn? Nàìjíríà níbí ni wọ́n wà tí wọ́n ń kàwé fún un, Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù sì fún wọn ní ọdún 1944. Wọ́n ń ṣòwò, wọ́n ní aya, wọ́n ní ọmọ. Kò sí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò sí fóònù tí èèyàn á fi bi ẹgbẹ́ rẹ̀ léèrè ìbéèrè. Bí o bá ń gba ẹnu géètì wọlé ní Sátidé, máa rántí.

Nọ́ọ̀sìÒru · Ọjọ́rú, 6:30 ìrọ̀lẹ́

Mama, ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí yẹn, mo fẹ́ kọ ọ́ mọ́ ara fíríìjì wa.

BàbáÌbejì_Lágere · Ọjọ́bọ̀, 8:10 alẹ́

Mo gbàgbé ọ̀rọ̀ owó. Bí ẹ bá ń dá àjọ, ẹ bẹ olórí àjọ kó jẹ́ kí tiyín bọ́ sí oṣù ìforúkọsílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe san tèmi láìyáwó. Bó bá sì jẹ́ pé ọkọ̀ èrò ni ẹ máa wọ̀ padà sí Iléṣà lálẹ́ Jímọ̀, ẹ wá ẹni tí ẹ jọ máa lọ. Nínú kíláàsì yín, ẹ ò ní ṣàìrí ará Iléṣà méjì tàbí mẹ́ta.

Àyọ̀ká · Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, Ọjọ́ Jímọ̀, 10:05 alẹ́

Ẹ̀yin ará ilé, mo padà dé. Mo ti bẹ̀rẹ̀.

Mo ṣe ohun tí ỌmọÒṣómàáló sọ, mo kọ́kọ́ wádìí. Ẹ̀gbọ́n kan ní ẹ̀ka wa ti ka ìwé ICAN, ti àwọn oníṣirò owó, rí, mánéjà yìí náà ló wà níbẹ̀, kò sì ṣe é níbi. Mo wá mú ìwé àkókò kíláàsì wọlé tọ̀ wọ́n. Kí n tó wọlé, mo ti fi bíírò pupa yí àwọn ọjọ́ Jímọ̀ tó bọ́ sí ìparí oṣù po. Mo ní, "Sà, àwọn ọjọ́ wọ̀nyí, mi ò ní lọ sí kíláàsì. Mo mọ̀ pé ọjọ́ iṣẹ́ ni." Wọ́n wo ìwé náà títí. Wọ́n ní aago mẹ́ta tí mo bèèrè láti máa kúrò ti yá jù, pé àwọn lè fún mi ní aago mẹ́rin, bí fáìlì mi bá ti pé. Wọ́n ní bí fáìlì kan bá fà sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Aago mẹ́rin túmọ̀ sí pé kíláàsì á ti bẹ̀rẹ̀ kí n tó dé. Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Arábìnrin kan tí a jọ ń ti Iléṣà lọ máa ń di àyè mú fún mi, ó sì ń fi ohun tí wọ́n kọ sójú pátákó ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp.

Kọ́ọ̀sì mẹ́ta ni mo mú dípò márùn-ún. Akọ̀wé Parakin, Ọlọ́run á bù sí i fún yín. Mo rí àwọn tó mú gbogbo rẹ̀, ojú wọn ti wọnú. Olórí àjọ ní oṣù tí mo fẹ́ ti ní olówó, àfi ìgbà tí mo bá a sọ̀rọ̀ tán ni obìnrin alátarodo tó ni oṣù náà fúnra rẹ̀ ní kí n gbà á, pé òun á gba tèmi.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dùn. Èyí ọdún mẹ́rin sunkún ní Sátidé méjì àkọ́kọ́, ó di ẹ̀wù mi mú lẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ mi gbé e, mo lọ, mo sì sunkún dé Òṣú. Ní Sátidé kẹta, kò sunkún mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fún un ní ṣọ́ọ̀kì, òun náà ń fa ìlà tirẹ̀ lábẹ́ kàlẹ́ńdà, kò tilẹ̀ gbójú sókè nígbà tí mo ní ó dàbọ̀. Ìyẹn náà dùn mí díẹ̀.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọ̀la ni kíláàsì ìṣirò owó. Tíṣà Òṣú, mo ti ṣe ìbéèrè yín, ẹ̀yìn ìwé tẹ́là tó ti bàjẹ́ ni mo ti ṣe é nígbà oúnjẹ ọ̀sán. Mo fi 1.2 pín in, mo tún fi 1.2 pín ohun tó kù. ₦69,444 ni mo rí.

TíṣàÌṣirò_Òṣú · Ọjọ́ Jímọ̀, 10:11 alẹ́

Ó pé. Ẹ lọ sùn.